Ẹ̀gbẹ́ Tó Kọjú sí Ògiri

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà gba ìjókòó. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, olè ni mí. N ò jí owó, n ò sì gba ọkọ ọlọ́kọ. Bíríkì ike ni mo jí, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ara ọkọ̀ ojú irin bàbá ọkọ mi ni mo ti jí i, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Bàbá ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé àwọ̀ wáìnì ni ọkọ̀ àwọn, láti òkè dé ilẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbà tí ọkọ̀ náà darúgbó, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n kó irin rẹ̀ lọ. Bàbá ò sọkún. Wọ́n kàn lọ ra bíríkì ike, wọ́n jókòó sí yàrá ìgbàlejò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà.

Ẹ má pè é ní eré ọmọdé lójú Bàbá o. Ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Ohun tó bá gùn tó ogójì ìgbésẹ̀ lára ọkọ̀ gidi, ìgbésẹ̀ kan péré ni lára ti ike. Wọ́n ka wíńdò, wọ́n ka ilẹ̀kùn, wọ́n ka àtẹ̀gùn tí èrò ń gùn wọlé. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ọ̀dà. Bíríkì á jókòó lórí bíríkì ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi to ẹ́ńjìnnì kan tó ní mọ́tò kékeré nínú, àti kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí èrò ń jókòó sí. Ó ku kọ́ọ̀ṣì kẹrin, èyí tí èrò ti ń jẹun, ni bíríkì aláwọ̀ wáìnì bá tán lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe é ò ṣe àwọ̀ yẹn mọ́. Bàbá wá a títí, ó sú wọn.

Ohun kejì tó ní àwọ̀ wáìnì nílé wa ni ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ìyá ọkọ mi. Bàbá ló fọwọ́ ara wọn kùn ún ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá bí ọkọ mi. "Ó wá ọ̀dà yìí káàkiri nítorí mi," Màmá á sọ fún àlejò, wọ́n á sì fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ Bàbá wà lórí pákó gígùn kan ní yàrá ìgbàlejò. Ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí àga àlejò, ẹ̀gbẹ́ kejì kọjú sí ògiri. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi tí í ṣe ọmọ bíbí inú wọn fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, Bàbá jágbe mọ́ ọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ti di ẹni ogójì ọdún.

Èmi nìkan ni wọ́n fún láṣẹ.

Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Súkúrù tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ni mò ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń tún gíláàsì wọn ṣe, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n. Ìwọ ni kó o máa bá mi nu eruku ara ọkọ̀ mi ní gbogbo Sátidé."

Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn pé bàbá ọkọ òun fọkàn tán òun?

Àmọ́ eruku nínù yẹn ló kó bá mi. Bí mo ṣe ń nù ún, mò ń wo bí bíríkì ṣe ń di bíríkì mú, bí wọ́n ṣe dá igun rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ojú wíńdò. Kí n tó mọ̀, mo ti ra páálí bíríkì tèmi, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo to àga, mo to tábìlì. Ọkọ mi bá tábìlì náà nínú bàtà rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ náà ti kó àrùn Bàbá ni?"

Mo ní, "Kí ni ọkùnrin ń wá nínú bàtà ara rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi?"

Ó wọ bàtà náà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ pé àwọn tó ń to bíríkì fẹ́ ṣe àfihàn ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ife ẹ̀yẹ wà fún ẹni tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù. Ọkàn mi fò fẹ̀rẹ̀. Mo lọ ṣí ìwé àwòrán Bàbá, mo rí kọ́ọ̀ṣì ìjẹun yẹn, èyí tí wọn ò rí bíríkì tò. Mo ní, "Ìwọ gan-an ni n ó tò."

Mo ní bíríkì funfun, mo ní aláwọ̀ ewé, mo ní pupa, mo ní òféèfé. Wáìnì nìkan ni n ò ní.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fa ọkọ̀ Bàbá síwájú díẹ̀ kí n lè nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá wo bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri ṣe ń dán gbinrin! Mo bi ara mi pé, "Ta ló tiẹ̀ ń wo ibí yìí?"

Ọkàn mi dáhùn pé, "Aláǹgbá."

Mo mú ọ̀kan. Ọ̀kan péré o. Mo fi bíríkì aláwọ̀ ewé dí àyè rẹ̀ kí ara ọkọ̀ má baà mì. Mo ti ọkọ̀ padà, mo lọ sí iwájú, mo wò ó láti ibi àga àlejò. Bó ṣe wà ló wà.

Nígbà tó di Sátidé kejì, mo mú mẹ́rin. Ní ìkẹta, mo mú mọ́kànlá. Ẹni tó bá ti fi ìka kan tọ́ oyin wò, ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù.

Mo sì ní àwáwí o! Mo sọ fún ara mi pé mi ò jalè, pé ìyàlẹ́nu ni mo fẹ́ fi ṣe fún Bàbá. Ní ọjọ́ àfihàn, wọ́n á ṣàdédé rí kọ́ọ̀ṣì kẹrin wọn, omi ayọ̀ á bọ́ lójú wọn, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun." Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ ni. Ife ẹ̀yẹ ni ojú mi wà lára rẹ̀. Mo tiẹ̀ ti wá ibi tí mo máa gbé e sí nínú yàrá.

Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ fura. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kó ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ìyàwó, eruku ara ọkọ̀ yìí mà pọ̀ o. Láti àárọ̀ lo ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ní eruku, Màmá."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan?"

"Ògiri ló ń da eruku, Màmá."

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "Hùn." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ti Bàbá ló wá kó ìpayà bá mi. Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń fi aṣọ nù ún.

"Ìyàwó, gíláàsì yìí ò ṣe dáadáa mọ́. Mo yọjú wo kọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi lánàá, ó dà bíi pé mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé níbẹ̀."

Àyà mi já. Àmọ́ ẹnu mi ti yá ju àyà mi lọ.

"Ojú ló ń ṣe yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wọn ojú yín, kí n bá yín ṣe tuntun."

Mo wọn ojú wọn lóòótọ́. Òótọ́ ni pé ojú wọn ti rẹ̀ díẹ̀ sí i. Gíláàsì tuntun náà dé ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo dì í dáadáa, mo fi sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

"Ìyàwó, gíláàsì mi ńkọ́?"

"Kò tíì dé, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n béèrè, ẹ̀ẹ̀meje ni mo dáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Kò burú, ìyàwó. Mo mọ̀ pé ò ń gbìyànjú." Ti bíríkì yẹn, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ti gíláàsì yìí, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àgbàlagbà sínú kùrukùru kí n lè ráyè jalè.

Kọ́ọ̀ṣì mi ń dàgbà. Mo ṣe tábìlì mẹ́jọ sínú rẹ̀, mo fi ike funfun róbótó ṣe àwo, mo fi ti aláwọ̀ òféèfé ṣe kọ́tìnì. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ wáìnì porogodo. Bíríkì tí mo rí jí kò tó ẹ̀gbẹ́ méjì, nítorí náà mo fi oríṣiríṣi àwọ̀ to ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ògiri náà ni màá gbé e kọjú sí. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àfihàn bẹ̀rẹ̀, Bàbá wọlé bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn níléèwé.

"Alága àwọn tó ń to bíríkì wá bá mi! Dókítà eyín yẹn! Ó ní kí n gbé ọkọ̀ mi wá sí àfihàn, pé èmi ni àlejò pàtàkì. Mo ti ránṣẹ́ sí Gáàdì ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ tó ṣẹ́ kù láyé."

Ní àkókò yẹn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri lára ọkọ̀ Bàbá ti dà bí aṣọ alágbe. Ewé, pupa, funfun, òféèfé. Kò sí kọ́ọ̀ṣì tí n ò yọ wáìnì lára rẹ̀.

Mo rọra bi wọ́n pé, "Bàbá, níbo ni wọ́n máa gbé e sí ní gbọ̀ngàn?"

"Lórí tábìlì gígùn, lẹ́bàá ògiri."

Ara mi wálẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Mo ṣì lè tú kọ́ọ̀ṣì mi, kí n dá bíríkì Bàbá padà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó mi ṣe é. Mo gbé kọ́ọ̀ṣì náà jáde, mo wo tábìlì rẹ̀ mẹ́jọ, mo wo àwo kéékèèké tí mo tò sórí wọn. N ò lè tú u. Mo dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àfihàn, èmi fúnra mi ni mo di ọkọ̀ Bàbá sínú páálí, kí ẹlòmíràn má baà rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ gidi."

A dé gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Mo sáré gbé kọ́ọ̀ṣì mi sí tábìlì ìdíje, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Mo yíjú padà báyìí, mo rí ohun tí n ò retí. Irin ike ni wọ́n tò yí gbogbo àárín gbọ̀ngàn ká, lórí tábìlì ńlá ńlá, ó rí róbótó bí ẹnu ìkòkò.

Dókítà eyín ń pa ọwọ́ pọ̀, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. "Bàbá, a ti yí ètò padà! Ọkọ̀ yín ò ní jókòó sẹ́bàá ògiri bí aláìsàn. Ó máa sáré!"

Bàbá di ọmọ ogún ọdún lójú ẹsẹ̀. "Ó máa sáré?"

Mo bọ́ síwájú. "Bàbá, bátìrì rẹ̀ ti kú."

Dókítà eyín ní, "Mo ní tuntun lápò."

"Bàbá, táyà rẹ̀ kan ti ń jò."

Bàbá wò mí. "Ìyàwó, ọkọ̀ ojú irin ni. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Bàbá, ara mi ò yá."

"Jókòó síbẹ̀ yẹn. Tó o bá rí i tó ń sáré, ara rẹ á yá."

Mo gbé ọkọ̀ náà sórí irin pẹ̀lú ọwọ́ mi tí kì í gbọ̀n. Mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ wáìnì kọjú síta, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Mo rò pé mo ti bọ́. Àmọ́ ẹ bá mi ro ó. Bí ọkọ̀ bá ń yí po, ìta rẹ̀ lẹ máa rí nígbà tó bá wà nítòsí yín. Tó bá dé òdì kejì, inú rẹ̀ ló máa kọjú sí yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ti jókòó yíká, pẹ̀lú ọ̀pá wọn àti fìlà wọn. Gáàdì, ọ̀rẹ́ Bàbá, ló jókòó síwájú jù, eyín ẹnu rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá tẹ bọ́tìnnì.

Ọkọ̀ gbéra. Ó kọjá níwájú Bàbá, wáìnì dídán, wíńdò lé wíńdò. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Gáàdì fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé bí ti àtijọ́. Ojú Bàbá ń tàn.

Ọkọ̀ yí kọ̀rọ̀, ó dé òdì kejì.

Pàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń na ìka sí ewé, sí pupa, sí òféèfé.

Bàbá náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó dùn mí jù láyé mi nìyẹn. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Gíláàsì àtijọ́ wà lójú wọn, ohun tó wà ní òdì kejì ò ju kùrukùru lọ. Mo ní kí n sáré lọ gbé ọkọ̀ náà, àwọn èèyàn ti pé yí tábìlì ká.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọlé, obìnrin tó mọ inú rere ṣe ní àkókò tí kò yẹ.

"Ẹ kú oríire, Bàbá! Gíláàsì yín rèé o. Inú dúrọ́ọ̀ ìyàwó yín ni mo ti rí i, láti oṣù mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ó gbàgbé ni."

Bàbá gbà á. Wọ́n bọ́ ti àtijọ́, wọ́n fi tuntun sójú. Wọ́n gbé orí sókè.

Ọkọ̀ tún ti dé òdì kejì.

Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ dúró. Wọ́n rìn yí tábìlì po, díẹ̀díẹ̀, wọ́n na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ inú ọkọ̀ náà láti ẹ́ńjìnnì dé ìdí. Ẹ̀rín ti tán nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Ìwọ nìkan ni mo fún láṣẹ."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò jágbe mọ́ mi bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ ọkọ mi. Ìbá sàn kí wọ́n jágbe. Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn, mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, èmi ni, èmi ni mo kó wọn."

"Níbo lo kó wọn sí?"

N ò tíì dáhùn tí ọ̀pá Gáàdì ti nà sí tábìlì ìdíje. "Ọ̀gá Fèrè, ẹ wo kọ́ọ̀ṣì kan lọ́hùn-ún. Ṣé kì í ṣe ilé ìjẹun wa nìyẹn?" Fèrè ni wọ́n ń pe Bàbá níbi iṣẹ́.

Bàbá rìn débẹ̀. Wọ́n wo tábìlì mẹ́jọ, wọ́n wo àwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí kọ́ọ̀ṣì mi padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ewé, pupa, funfun, òféèfé.

Dókítà eyín ò mọ ìgbà tó pariwo pé, "Ìyá yìí ò tiẹ̀ dá ti ara rẹ̀ sí!"

Ibẹ̀ ni Gáàdì ti bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Ó rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ọ̀gá Fèrè, ẹ má bínú sí ọmọ yìí o. Ó mà ti tún ọkọ̀ náà ṣe! Bó ṣe rí gan-an nìyẹn!"

Bàbá ní, "Gáàdì, pa ẹnu ẹ mọ́."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó kú. Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ̀ tá a wà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la rí kùn ní wáìnì. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí pèpéle tí èrò ń dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì, àbùlẹ̀ ni. Ibi kan ewé, ibi kan funfun, ibi kan páànù lásán. Ọ̀gá ló kọ́ wa pé ká máa gbé e sí apá òsì ibùdókọ̀, kí àwọn èèyàn ńlá má baà rí i."

Gbogbo àwọn àgbà yòókù ń mi orí. Ọ̀kan ní, "Òótọ́ ni, òótọ́ ni."

Dókítà eyín béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ kùn ún ní ẹ̀gbẹ́ kan?"

"Ọ̀dà ò tó. Garawa mẹ́fà ni wọ́n kó fún wa, mẹ́ta la bá. Ọ̀gá ní òjò ló ba mẹ́ta tó kù jẹ́."

Màmá dìde. Wọ́n dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

"Garawa mélòó?"

Gáàdì ti mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Ó wo Bàbá, ó wo Màmá. "Mẹ́ta, ìyàwó wa."

"Ọdún wo nìyẹn?"

Ó sọ ọdún náà. Ọdún tí wọ́n bí ọkọ mi ni.

Màmá kó ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi. Ọ̀dà tẹ́ ẹ wá káàkiri nítorí mi. Ilẹ̀kùn mi."

Bàbá wúkọ́.

"Ilẹ̀kùn mi, àti férémù wíńdò mẹ́rin, àti àpótí aṣọ. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ọ̀dà rélùwéè ṣe fáàrí lójú àlejò!"

Gáàdì ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ọ̀gá lọ fún ogójì. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn lulẹ̀. Ọkọ mi di ògiri mú kó má baà ṣubú. Àwọn àgbà ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Bàbá dúró láàárín, kọ́ọ̀ṣì mi wà lọ́wọ́ wọn, gíláàsì tuntun wà lójú wọn, mo sì rí i tí ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n gbìyànjú láti mú u le. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín jáde.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n wo èmi tí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, tí omi imú àti omijé ti dà pọ̀ lójú mi.

"Dìde. Wá so ó mọ́ ọn."

"Bàbá?"

"Kọ́ọ̀ṣì ìjẹun, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Wá so ó mọ́ ìdí rẹ̀, kí Gáàdì rí i kó tó kú. Ó sì ní òun ò ní pẹ́ kú mọ́."

Mo so ó. Ọkọ̀ Bàbá tún gbéra, pẹ̀lú kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tó pé. Nítòsí, wáìnì ni. Lókèèrè, àbùlẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ife ẹ̀yẹ ńkọ́? Dókítà eyín ti fa orúkọ mi yọ, ó ní ẹni tó jí bíríkì ò lè gba ife. Ó tọ́ sí mi. Akọ̀wé ilé ìkàwé ló gbà á, ó to ilé ẹyẹlé.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́ọ̀ṣì mi kí n dá bíríkì padà. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi sílẹ̀. Ìjìyà rẹ yàtọ̀."

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà, wọ́n yí i padà. Láti ọjọ́ yẹn, wáìnì ló kọjú sí ògiri, àbùlẹ̀ ló kọjú sí àlejò. Àlejò tó bá wọlé á ní, "Ẹ̀ẹ́, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?" Bàbá á ní, "Ìyàwó, ó yá." Màá dìde, màá sọ ohun tí mo ṣe, láti bíríkì àkọ́kọ́ dé gíláàsì inú dúrọ́ọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún alágbàṣe iná, mo ti sọ ọ́ fún olùkọ́ àwọn ọmọ mi. Ìyá tó bí mi gan-an ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sọ tèmi tán, Màmá á ké láti ilé ìdáná pé, "Kí bàbá náà sọ tiẹ̀!" Bàbá á wúkọ́, wọ́n á sọ ti ọ̀dà. Nígbà tí mo ti sọ ọ́ tó báyìí, kí ló kù tí n ò ní sọ ọ́ fún yín?

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun tẹ́ ẹ ń yọ lẹ́yìn ògiri, ẹ tètè dá a padà. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì, n ò lò ó.

Bàbá ṣì jẹ́ kí n máa nu eruku. Àmọ́ ní gbogbo Sátidé, tí mo bá nù ún tán, wọ́n á fa ọkọ̀ síwájú, wọ́n á ka wáìnì tó kọjú sí ògiri sókè ketekete, lójú mi. Igba ó lé mẹ́rin ni.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n kà á, ó jẹ́ igba ó lé mẹ́ta. Wọ́n tún un kà. Igba ó lé mẹ́ta. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wò mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo búra, èmi kọ́!

Mo wọ ilé ìdáná lọ gbálẹ̀ kí inú mi lè rọ̀. Àga Màmá, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó ti ń mì láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ò mì mọ́. Màmá jókòó lé e gbọin, wọ́n ń bó iṣu, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbá ìdí àga náà. Mo rí ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú.

Orin dáwọ́ dúró.

"Ìyàwó, kí lo rí?"

Mo nà ró, mo di ìgbálẹ̀ mi mú.

"N ò rí nǹkan kan, Màmá. Ojú ló ń ṣe mí."